Ṣé ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ lè bá wọn wa ọkọ̀ rọ́bà la àárín àpáta kọjá?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 62 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀ ní Iléṣà níbí. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ wá kí òun ní oṣù kẹfà. Ó ní òun máa kó gbogbo wa lọ wa ọkọ̀ rọ́bà lórí odò Arkansas, níbi tí odò náà ti gba àárín àpáta tí wọ́n ń pè ní Browns Canyon. Ó ní àwọn tí kò wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí náà ń lọ, pé atukọ̀ máa wà pẹ̀lú wa. N kò mọ odò wẹ̀, ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n, mo sì ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn Wesley Guild. Ṣé kí a bá wọn lọ? Bí a bá máa lọ, kí ló yẹ kí a mọ̀, kí ló sì yẹ kí a wọ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wá: ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe atukọ̀ lórí odò Arkansas yẹn gan-an ní ìgbà ooru wọn, kí n tó padà wálé sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ tọmọdé tàgbà ní odò wíwẹ̀ báyìí. Ìdáhùn mi ni pé bí dókítà yín bá fọwọ́ sí i, ẹ lè lọ, ìyá náà sì lè lọ. Àìmọ odò wẹ̀ yín kò tó ohun tó yẹ kó dá yín dúró. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá ọmọ yín tún jókòó sọ ni oṣù tó mú àti apá odò tó yàn, nítorí inú méjèèjì yìí ni ìrọ̀rùn tàbí ewu irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ wà.

Arkansas kì í kún bí odò tiwa ṣe ń kún. Òjò ni í mú Ọ̀ṣun kún, ẹni tó bá sì ń gbé létí rẹ̀ mọ ìgbà tí kò yẹ kí ọmọ dé bèbè. Orí àwọn òkè Rocky, nítòsí ìlú Leadville, ni Arkansas ti ṣẹ̀ ní tirẹ̀. Òjò dídì tó bọ́ ní ìgbà òtútù a máa jókòó sórí àwọn òkè náà bí àpáta funfun, títí oòrùn oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà yóò fi yọ́ ọ, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì tú sínú odò lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, oṣù kẹfà tí ọmọ yín mú, tí ojú ọjọ́ dára jù lójú ẹni tó ń gbé ìgboro, ni odò náà lágbára jù lọ, òun náà sì ni omi rẹ̀ tutù púpọ̀.

Ẹ ó rí i tí wọ́n ń fi lẹ́tà mẹ́ta, cfs, sọ bí odò ṣe kún tó. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà 28 omi tó ń kọjá lójú kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje títí di ìdajì oṣù kẹjọ, àwọn tó ń mójú tó odò náà máa ń gbìyànjú láti tú omi sílẹ̀ láti inú àwọn adágún tó wà lókè, kí odò náà má baà lọ sílẹ̀ ju 700 cfs lọ. Bí a bá fi àpò píọ̀ wọ́tà tiwa ṣírò rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà mẹ́wàá, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àpò ló ń kọjá níwájú yín kí ẹ tó ṣẹ́jú. Omi tó tó wa ọkọ̀ rọ́bà dáadáa nìyẹn, ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ sì lè gbà á. Nígbà tí òjò dídì bá ń yọ́ lọ́wọ́, ó lè ju 3,000 lọ, lórí òkúta kan náà, láàárín bèbè kan náà. Ọkọ̀ á máa sáré jù, àyè láti gbà ẹni tó bá já sómi á sì dín kù gan-an.

Ohun kejì ni apá odò. Gbogbo ayé tó ń wa irú ọkọ̀ yìí ló ń pín omi sí ìpele mẹ́fà. Ìpele kìn-ín-ní jẹ́ omi tó ń ṣàn jẹ́ẹ́. Ìkejì ní ìgbì kéékèèké tí kò ní ju kí ó ta omi sí yín lára lọ. Ìkẹta ní ìgbì tó lè gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó sì ń fẹ́ kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ wà á pọ̀. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún wà fún àwọn tó ti mọ̀ ọ́n. Ìkẹfà sì jẹ́ ibi tí àwọn ọ̀gá pàápàá máa ń gbé ọkọ̀ wọn gba orí ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lè fojú inú wò ó báyìí: bí ẹnì kan bá lè mú àwọn àtẹ̀gùn omi yẹn, kí ó tẹ́ wọn pẹrẹsẹ sílẹ̀ títí omi kò fi ní já bọ́ mọ́, ṣùgbọ́n tí yóò máa yí gbirigbiri lórí òkúta, ohun tí ẹ ó bá pàdé nìyẹn. Láàárín ìkan sí òmíràn, omi á tún pa rọ́rọ́, ẹ ó sì ráyè wo òkè.

Ìpele kẹta ni Browns Canyon, tó wà láàárín ìlú Buena Vista àti ìlú Salida. Ibẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́. Àpáta rẹ̀ pọ́n résúrésú bí ẹní ta iyẹ̀pẹ̀ pupa sí i lára, kò sì sí ọjà tàbí ilé nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2015 ni Ààrẹ Barack Obama kéde rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bò. Nísàlẹ̀ Salida, ní ọ̀nà Cañon City, ni Bighorn Sheep Canyon wà, tí ó jẹ́ ìpele kejì sí ìkẹta. Àgbò orí òkè tí ìwo wọn ká kọ́bọ́kọ́bọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹ sì lè rí wọn tí wọ́n ń mumi létí odò. Bí ẹ bá lè sún ìrìn àjò náà sí ìparí oṣù keje tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ẹ lọ sí Browns Canyon bí ọmọ yín ṣe fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé oṣù kẹfà nìkan ló ṣeé ṣe, Bighorn Sheep Canyon ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì mú ìrìn ìdajì ọjọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò Royal Gorge tàn yín lọ síbẹ̀. Afárá tí wọ́n parí ní 1929, tó ga tó mítà 291 sókè odò, máa ń fa ojú èèyàn mọ́ra, ṣùgbọ́n ìpele kẹrin sí ìkarùn-ún ni omi tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ odò wíwẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn yín jù. Àwọn àgbà sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, mo sì rí i lójú ara mi. Ní ọdún kejì tí mo ń ṣiṣẹ́ náà, ọkùnrin kan já sómi nínú ọkọ̀ mi. Ó mọ odò wẹ̀ ju èmi lọ. Omi ibẹ̀ kò ju itan rẹ̀ lọ, ó sì ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe nílé: ó fẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ó dìde dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wọ àárín òkúta méjì, omi sì ń tì í lẹ́yìn títí ojú rẹ̀ fi fẹ́ rì. Èèyàn mẹ́ta ló fa okùn kí a tó rí i yọ. Ó yè é, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́.

Ẹ̀wù amúniléfòó, láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa mọ̀, yóò gbé yín sókè yálà ẹ mọ odò wẹ̀ tàbí ẹ kò mọ̀ ọ́n, bí ó bá ti fún yín lára dáadáa. Kí atukọ̀ di ìjánu rẹ̀ mọ́ yín lára. Lẹ́yìn náà kí ó di èjìká ẹ̀wù náà mú, kí ó fà á sókè. Bí ó bá gòkè dé etí yín, ó tóbi jù, ẹ béèrè òmíràn, ẹ má sì tijú. Bí ẹ bá já sómi, ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹ̀yìn, kí ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, síbi tí omi ń lọ, kí ìka ẹsẹ̀ yọ lórí omi, kí ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kan òkúta, kí orí má kàn án. Ẹ má dìde dúró títí omi yóò fi rọlẹ̀ ju orúnkún lọ, kódà bí ẹ bá ń rí ìsàlẹ̀ kedere. Tí wọ́n bá ju okùn sí yín, okùn náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ má di àpò tí wọ́n kó o sí mú, ẹ má sì wé e mọ́ ọwọ́ láéláé. Bí ẹ bá rí igi tó wó dábùú odò níwájú yín, ìgbà yẹn nìkan ni kí ẹ yí ikùn délẹ̀, kí ẹ fi gbogbo agbára gun orí igi náà, nítorí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, èèyàn kì í gbà á. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ̀yin àti ìyá dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú pálọ̀, kí ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó kúrò ní Iléṣà. Ara ló máa rántí lọ́jọ́ náà, ọpọlọ kì í ráyè.

Nínú ọkọ̀, etí rọ́bà ni wọ́n ń jókòó lé, a sì ń ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rọ́bà tó dábùú inú ọkọ̀ kí a lè dúró ṣinṣin. Ọwọ́ kan kì í kúrò lórí ìdí àjẹ̀, ìyẹn òpin ọwọ́ rẹ̀ tó wà lókè, nítorí eyín tó ń ká níbẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ àjẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ló máa ń gbá ẹni tó jókòó tì í lẹ́nu. Atukọ̀ á jókòó sí ẹ̀yìn, á máa kígbe “forward” fún síwájú, “back” fún sẹ́yìn, “stop” fún ìdúró. Ẹ jókòó sí àárín, ẹ fi iwájú sílẹ̀ fún ọmọ yín, nítorí àwọn tó wà níwájú ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé bí wọ́n bá ń wà á.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà yín ní Wesley Guild ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, kí ẹ sì sọ ohun méjì fún un. Àkọ́kọ́ ni pé omi náà lè má ju nǹkan bí 10°C lọ ní oṣù kẹfà. Ẹni tó bá já sínú irú omi bẹ́ẹ̀ lójijì á mí gúlegúle, ọkàn rẹ̀ á sì máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á ru fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ìkejì ni pé Salida ga ju mítà ẹgbẹ̀rún méjì lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ń gbẹ omi ara. Ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Denver ná, ẹ máa mu omi dáadáa. Àwọn kan máa ń fo oògùn tí ń mú ni tọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí pé kò sí ilé ìtọ̀ lórí odò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ yí àkókò rẹ̀ padà. Bí ó bá ní kí ẹ má lọ, ẹ gbà.

Aṣọ òwú kò dára, àǹkárá àti jíǹsì wà nínú rẹ̀: ó ń gba omi sára, ó sì ń mú òtútù wọlé. Ẹ wọ aṣọ pọliẹ́sítà tó fún ara díẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ sí i lórí nítorí òtútù; ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní in. Sálúbàtà tó ní okùn lẹ́yìn ni kí ẹ wọ̀, sílípáàsì á bá omi lọ. Ẹ fi okùn so ìgò ojú yín mọ́ ẹ̀yìn orí. Kí ìyá má ṣe di ṣùkú tàbí pàtẹ́wọ́ lọ sí ìrìn àjò náà, nítorí akoto, fìlà líle tí a ń dé láti dáàbò bo orí, kò ní jókòó dáadáa lé irun tó ga láàárín orí. Kòlẹ́sẹ̀ ni kó dì, á sùn sí ẹ̀yìn ọrùn, akoto á sì bò ó.

Kí ọmọ yín tó sanwó, kó béèrè bóyá ilé iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ Colorado. Òfin ibẹ̀ ní kí atukọ̀ ti pé ọdún 18, kí ó ní ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì, kí ó sì ti gba ó kéré tán wákàtí 50 ẹ̀kọ́ lórí odò. Ẹni tó bá sì jẹ́ olórí ìrìn gbọ́dọ̀ ti wa ọkọ̀ tó máìlì 500. Wọ́n á fún yín ní ìwé kan pé kí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ mọ ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ kà á tán, ibi tí wọ́n bá sì ti béèrè àìsàn, ẹ kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí i, kí atukọ̀ lè mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ fà bọ̀ sínú ọkọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ọmọ yín pe ilé iṣẹ́ náà, kó béèrè iye cfs. Bí wọ́n bá ní omi ti ga, àwọn fẹ́ gbé yín lọ sí apá tó rọ̀ jù, kó má jà fún Browns Canyon. Wọ́n ń rí ohun tí kò rí ni.

Bí ìyá bá sì gbọ́ àlàyé ààbò tán, tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ẹ má fi ipá mú un. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn Bighorn Sheep Canyon fún yín ni pé ọ̀nà títì U.S. 50 ń bá odò náà rìn ní gbogbo apá yẹn. Ẹnì kan lè wa mọ́tò gbé ìyá lọ síwájú, kí wọ́n dúró níbi tí títì ti sún mọ́ bèbè, á sì rí yín bí ẹ ṣe ń kọjá nínú omi, á lè juwọ́ sí yín.