Bí ẹ ṣe lè yan dókítà tuntun nígbà tí ibi iṣẹ́ bá pààrọ̀ ètò adójútòfò ìlera

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ibi iṣẹ́ yín ní Houston ti pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, pé dókítà tó ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru yín láti ọjọ́ pípẹ́ kò sí nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun náà (ìyẹn àwọn dókítà àti ilé ìwòsàn tó bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn), ẹ sì ń béèrè bí ẹ ó ṣe yan òmíràn nínú orúkọ rẹpẹtẹ tí wọ́n kó síwájú yín. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ọkọ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ìpínlẹ̀ Texas yìí. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé orúkọ dókítà tó wà nínú àkójọ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò tíì tó ẹ̀rí pé dókítà náà yóò gbà yín. Lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú dókítà fúnra rẹ̀ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ̀rí ohun tí wọ́n bá sọ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo káàdì yín bóyá HMO, PPO tàbí EPO, tí wọ́n jẹ́ oríṣi ètò adójútòfò mẹ́ta, ni wọ́n kọ sí i. Bí ó bá jẹ́ HMO, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ ó yan dókítà kan tí yóò jẹ́ ti àkọ́kọ́ fún yín, òun ni yóò sì máa kọ ìwé tí ẹ ó fi lọ rí dókítà ọkàn tàbí dókítà kíndìnrín. Bí ẹ bá lọ láìgba ìwé náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n da gbogbo owó rẹ̀ lé yín lórí. PPO gbà kí ẹ jáde sí ìta nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ń ga. EPO kì í sábà san kọ́bọ̀ fún ìta, àfi ti pàjáwìrì.

Nígbà tí dókítà tèmi kúrò nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, mo mú àkójọ náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó sún mọ́ ilé wa ní àdúgbò Alief ní Houston. Nọ́ńbà kan, ilé ìtọ́jú eyín ló gbé e. Ibòmíràn ní dókítà náà ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn tipẹ́. Ẹlòmíràn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba aláìsàn tuntun mọ́. Obìnrin kan dá mi lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà pé àwọn ń gba ínṣọ́ránsì wa. Nígbà tí mo ka orúkọ ètò tó wà lára káàdì fún un bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, ó dákẹ́, mo ń gbọ́ bí ó ti ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó wá ní ètò tiwa gan-an ni àwọn kò sí nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lè ní ètò oríṣiríṣi, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀kan fẹ̀, kí ti èkejì sì há gádígádí. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan fún wọn. Ẹ ka orúkọ ètò náà, kí ẹ sì béèrè bóyá dókítà tí ẹ fẹ́ rí wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ní àdírẹ́sì tí ẹ fẹ́ lọ, nítorí dókítà kan náà lè wà nínú rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan kí ó má sí nínú rẹ̀ ní ọ́fíìsì kejì. Lẹ́yìn èyí, ẹ gba nọ́ńbà NPI dókítà náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ dígíìtì 10, àti nọ́ńbà tí ilé ìtọ́jú náà fi ń san owó orí, kí ẹ wá fi méjèèjì pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹ gba orúkọ ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà tí wọ́n fún ìpè náà. Bí ó bá dà bí àṣejù lójú yín, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀rí ni òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní No Surprises Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Òfin náà ní kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa yẹ àkójọ dókítà wọn wò, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 90-90, àti pé bí ẹ bá béèrè lórí fóònù bóyá dókítà kan wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n fún yín lésì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan. Èyí tó ṣe wá láǹfààní jù ni pé bí ohun tí wọ́n kọ tàbí tí wọ́n sọ bá jẹ́ àṣìṣe, tí ẹ sì gbára lé e, iye tí ẹ ó san kò gbọ́dọ̀ ju iye tí ẹ̀ bá san fún dókítà inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Òfin yìí ló yọ mí. Dókítà tí mo wá yàn wà nínú àkójọ wọn, wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà fún mi lórí fóònù, síbẹ̀ ìwé owó dé sílé pé ará ìta ni. Mo ti tẹ ojú ewé àkójọ náà sórí pépà pẹ̀lú ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, orúkọ ẹni tó dá mi lóhùn sì wà lẹ́yìn pépà náà. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀hónú, wọ́n sì ṣírò owó náà tuntun. Ẹ rántí pé ọjọ́ 180 ni ẹ ní láti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí ìwé pé wọn kò san bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Òfin yìí kan náà kò ran ọkọ mi lọ́wọ́ nígbà tí dókítà rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù tí kò sí nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Dókítà wà nínú rẹ̀, láàbù kò sí nínú rẹ̀, a sì san owó náà tán pátá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò lè sá fún àyẹ̀wò kíndìnrín àti pòtásíọ́mù, nítorí náà ẹ sọ orúkọ láàbù tí ètò yín fọwọ́ sí fún wọn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ béèrè pẹ̀lú, ilé ìwòsàn wo ni dókítà náà máa ń darí aláìsàn rẹ̀ sí bí ọ̀rọ̀ bá le, kí ẹ sì wò ó bóyá ilé ìwòsàn náà wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ní ti bí dókítà náà ṣe mọṣẹ́ sí, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì Texas Medical Board, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ ní Texas, níbi tí ẹ ó ti rí bóyá ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ àti bóyá wọ́n ti bá a wí rí. Èmi kì í fi ìràwọ̀ tí àwọn aláìsàn ń fún dókítà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe òdiwọ̀n, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bínú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí sí dídúró pẹ́, èyí tí kò kan ìtọ́jú. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ káàkiri ilé ìwòsàn Houston ni mo máa ń bi. Wọ́n mọ dókítà tó máa ń gbé ìpè tí wọ́n bá pè é lóru, wọ́n sì mọ èyí tó ń fetí sí aláìsàn. Ìdájọ́ wọn ni mo gbára lé jù.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ, ẹ kó gbogbo ìgò oògùn yín dání, àti àgbo bí ẹ bá ń mu ún, pẹ̀lú ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru yín sí. Dókítà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, bí ó ṣe wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ́jọ́ yẹn ló fi fà mí mọ́ra. Nọ́ọ̀sì ti wọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń wọlé, mo ń mí hẹlẹ, mo sì ń dáhùn ìbéèrè lọ́wọ́, iye rẹ̀ sì ga. Dókítà kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kí n má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó gbé apá mi lé tábìlì kí ó lè bá ibi tí ọkàn mi wà dọ́gba, ó sì wọ̀n ọ́n lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Lẹ́yìn náà ló béèrè oògùn tí mo ti lò rí àti ìdí tí mo fi fi í sílẹ̀. Mo sọ fún un pé lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, mú mi wúkọ́, ó sì ṣàlàyé pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ tún lè mú kí ètè àti ahọ́n wú, pé ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Ẹni tí kò bá bi yín ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tó kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà, ẹ má fi í ṣe dókítà yín, bí ilé ìtọ́jú rẹ̀ tilẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yín.

Ní báyìí ná, ẹ má jẹ́ kí oògùn tán lọ́wọ́ yín, nítorí ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àyè tó yọ fún aláìsàn tuntun. Ẹ bẹ dókítà àtijọ́ kó kọ oògùn ọjọ́ 90 fún yín, kí ẹ sì wò ó bóyá oògùn náà wà nínú àkójọ oògùn ètò tuntun. Ẹ gba ẹ̀dà fáìlì yín lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. HIPAA, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àkọsílẹ̀ ìlera, fún wọn ní ọjọ́ 30 láti fi í lé yín lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni nílé bá lóyún tàbí tó wà láàárín ìtọ́jú àìsàn líle, ẹ bi ilé-iṣẹ́ adójútòfò bóyá ó lè máa bá dókítà àtijọ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ ní iye owó inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n sì fún yín ní èsì wọn ní kíkọ.

Bí dókítà tí ẹ yàn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Lábẹ́ HMO, orúkọ tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe lọ rí ẹni tuntun náà kí ilé-iṣẹ́ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé orúkọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ tiyín.