Chipper gbà mí lẹ́bàá green, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní handicap yín nínú gọ́ọ̀fù, ìyẹn iye ìgbá tí wọ́n ń yọ fún yín kúrò nínú àròpọ̀ yín, wà ní 24, pé bọ́ọ̀lù yín kì í pẹ́ dé ẹ̀bá green, ojú koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ yí ihò ká, ṣùgbọ́n tó bá ti débẹ̀ tán ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀: lẹ́ẹ̀kan ẹ ó hú ilẹ̀, lẹ́ẹ̀kan bọ́ọ̀lù á sá kọjá sí òdìkejì. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ ra chipper, ọ̀pá kúkúrú tí wọ́n ṣe fún gbígbá lẹ́bàá green, nítorí àwọn tí ẹ jọ ń gbá ń sọ pé ọ̀pá arúgbó ni. Mo ti wà níbi tí ẹ wà yìí fún odindi ọdún mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Ó ràn mí lọ́wọ́, ó ràn mí lọ́wọ́ gidi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin náà fúnra rẹ̀ ló wo ọwọ́ mi sàn, bí kò ṣe ọ̀nà tó fi dandan mú mi gbá bọ́ọ̀lù.

Orí brown ni mo ti kọ́ gọ́ọ̀fù. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbá ní àwọn ìlú kéékèèké wa mọ̀ ọ́n: iyanrìn tó dípò green, tí wọ́n fi epo pò kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, tí kádì, ẹni tó ń bá wa gbé báàgì, á kọ́kọ́ wọ́ ojú rẹ̀ kó tẹ́jú kí èèyàn tó putt, ìyẹn kó tó rọra yí bọ́ọ̀lù sínú ihò. Kò sẹ́ni tó ń sọ bọ́ọ̀lù sókè sórí brown tó lè fọwọ́ sọ̀yà níbi tó máa dúró sí. Bó bá bọ́ síbi tó rọ̀, á kú sójú kan. Bó bá bọ́ síbi tó dì, á ta. Nítorí náà iron 7, ọ̀pá irin tí ojú rẹ̀ kò sùn sẹ́yìn púpọ̀, ni gbogbo wa ń lò, a ó gbá a nílẹ̀nílẹ̀, á máa yí bọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ títí á fi wọlé. N kò mọ̀ nígbà náà pé irú ìgbá yìí gan-an ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe chipper.

Iṣẹ́ gbé mi lọ sí Èkó, mo bọ́ sórí green oníkoríko. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé iron 7 lẹ́bàá green kì í ṣe gọ́ọ̀fù, pé sand wedge, irin tí ojú rẹ̀ sùn sẹ́yìn gan-an, ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ń lò, kí bọ́ọ̀lù gòkè, kó bọ́ pẹ̀lẹ́, kó dúró. Mo ra èyí tí ojú rẹ̀ sùn sẹ́yìn ní dígírì 56. Nígbà òjò, ó ń gbọ́ràn. Ẹ̀ẹ̀rùn ló tú àṣírí ẹ̀.

Ẹ dojú sand wedge yín dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ó nípọn, ó sì yọ ikùn wálẹ̀ ju etí tó mú lọ. Gene Sarazen, tí gbogbo ayé gọ́ọ̀fù mọ̀ mọ́ ọ̀pá yìí, tó fi gba ìdíje Open ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1932, iyanrìn inú bunker, kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ sórí pápá, ló ní lọ́kàn: ikùn yẹn ni kì í jẹ́ kí irin rì. Àmọ́ nígbà tí ọyẹ́ bá ti fa gbogbo omi inú ilẹ̀ tán, tí ilẹ̀ wá le bí ìta gbangba tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ikùn yẹn kò ríbi wọ̀. Ṣe ló máa ta padà, etí irin á sì gé bọ́ọ̀lù ní ìdajì. Kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ nìkan. Ọ̀pá náà kọ́ ló yẹ ilẹ̀ ọ̀hún.

Ihò 16 ni tèmi ti bẹ́. Oṣù kejì ọdún ni, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ láàárọ̀. Ìgbá kejì mi dúró ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ márùn-ún sí green, àsíá sì wà ní ìṣísẹ̀ 15 síwájú. Kò sí bunker, kò sí òkè, kò sí nǹkan kan láàárín èmi àti ihò. Ibi tí bọ́ọ̀lù jókòó sí ti pọ́n, koríko tó kù níbẹ̀ kò ju irun orí ọmọ tuntun lọ. Mo yọ sand wedge, mo fì í, mo gbọ́ “kò!” bí ìgbà tí wọ́n sọ òkò lu páànù. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lára àsíá, ó wọ igbó lẹ́yìn green. A wá a rí. Ẹ̀rù ti bà mí, mo wá fawọ́ sẹ́yìn nínú ìgbá tó tẹ̀ lé e, irin gbá ilẹ̀, bọ́ọ̀lù sún bí ìka méjì. Ihò oní par 4 ni, ìgbá mẹ́rin ló yẹ kó gbà, 9 ni mo kọ sórí káàdì. Kádì mi kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fi aṣọ nu ojú wedge tí kò dọ̀tí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Bí mo bá ń fì ọ̀pá lásán, tí bọ́ọ̀lù kò sí níbẹ̀, á lọ geere bí omi. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wà ńlẹ̀, ó ku díẹ̀ kí irin kàn án, ọrùn ọwọ́ á já fìrì bí ẹni tí iná mànàmáná gbé. Yips ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín lórí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Tiger Woods, níwájú gbogbo ayé ní Phoenix, ń hú ilẹ̀, ó ń gé bọ́ọ̀lù lórí lẹ́bàá green, 82 ló sì gbá lọ́jọ́ kejì ìdíje náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ló tún gba ìdíje ńlá Masters. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí ọkàn mi bá rẹ̀wẹ̀sì.

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Manchester gbọ́ ẹjọ́ mi, ó fi chipper ránṣẹ́ sí mi. Inú mi dùn. Ojú méjì ló ní, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún àti ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì lè jọ lò ó. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ń ṣe dáadáa, mo gbé e lọ sí ìdíje oṣooṣù. Lórí ihò kẹfà, ẹni tí a jọ ń gbá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n wo ọ̀pá yẹn.” Nígbà tí a parí, ìgbìmọ̀ ìdíje yọ orúkọ mi kúrò. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n ṣe. Òfin ka chipper mọ́ irin, kò kà á mọ́ putter, ọ̀pá tí wọ́n fi ń putt. Putter nìkan ló lè ní ojú méjì. Irin gbọ́dọ̀ ní ojú kan ṣoṣo, ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú sì gbọ́dọ̀ rí róbótó yíká. Rọ́bà tó tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú bíi ti putter, kò bófin mu lára chipper. Ẹni tó bá fi ọ̀pá tí kò bófin mu gbá bọ́ọ̀lù ẹyọ kan péré nínú ìdíje ti jáde nìyẹn. Bí ẹ bá ń fi ṣeré pẹ̀lú ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Àmọ́ ẹ ní ẹ ní handicap, ó túmọ̀ sí pé ẹ ń kọ káàdì.

Mo wá ra olójú kan. Òun ni mo ṣì ń lò títí dòní.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ojú rẹ̀ sùn sẹ́yìn ní dígírì 36, bíi ti iron 8, ṣùgbọ́n ó kúrú tó putter, ọ̀pá rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Nítorí pé ó dúró ṣánṣán, ẹ̀yin náà á sún mọ́ bọ́ọ̀lù, ojú yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè rẹ̀, apá á so wálẹ̀ tààrà. Bí èèyàn bá ti dúró báyìí, èjìká ló ń gbé ọ̀pá lọ tó ń gbé e bọ̀, kò síṣẹ́ fún ọrùn ọwọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni àlàáfíà tèmi ti wá. Ọwọ́ tó ń ta náà kò rí nǹkan ṣe. Mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, mo fi ara ti ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, bọ́ọ̀lù wà lápá ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo sì gbá a bí ẹní putt. Bọ́ọ̀lù á gbéra díẹ̀, á fo koríko etí green, á bọ́ sórí green, á máa yí lọ.

Ohun tó gbà mí lákòókò jù ni mímọ ibi tó yẹ kó bọ́ sí. Tẹ́lẹ̀, ihò ni mò ń wò. Ní báyìí, ìṣísẹ̀ kan péré sínú green ni mò ń wò, mo sì ń jẹ́ kí yíyí ṣe ìyókù. Lórí green tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí bọ́ọ̀lù bá rin ìṣísẹ̀ kan lófuurufú, ó ń yí tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin nílẹ̀. Tiyín lè yàtọ̀. Mo mú aṣọ ìnura kan, mo ká a dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo tẹ́ ẹ sí etí green, mo ń gbá 20 bọ́ọ̀lù sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gbà mí tó oṣù kan àbọ̀ kí n tó lè sọ nínú ọkàn mi pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí kò ti ṣiṣẹ́, nítorí àwọn tó ń ta á kì í sọ ọ́. Bí bunker bá wà láàárín yín àti àsíá, ẹ fi í sílẹ̀. Bí àsíá bá sún mọ́ etí tí ẹ wà, tí kò sáyè fún yíyí, ẹ fi í sílẹ̀. Bí green bá sì ń dagun wálẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, ó máa yí títí á fi jáde lódìkejì. Èyí tó burú jù ni koríko gígùn tó tutù. Láti oṣù kẹfà tí òjò bá ti múlẹ̀, koríko á máa di ọrùn irin mú, chipper kò sì ní ojú tó sùn tó láti gbé bọ́ọ̀lù jáde. Mo ti fi í gbìyànjú nínú irú koríko bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó pọ̀ jù tí bọ́ọ̀lù kò kúrò lójú kan. Wedge lẹ ó lò níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé wedge náà ní ewu tiẹ̀. Ní ìdíje US Open 1985 ní Oakland Hills ní Amẹ́ríkà, T.C. Chen ará Taiwan fi àmì mẹ́rin ṣíwájú gbogbo wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn. Lórí ihò karùn-ún, inú koríko jíjìn lẹ́bàá green, wedge rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì nínú ìgbá kan. Ó gba 8 níbẹ̀, àmì kan ṣoṣo sì ni Andy North fi borí rẹ̀ níkẹyìn. Láti 2019, òfin kì í fi ìyà jẹ ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí láìmọ̀ọ́mọ̀ mọ́, ẹyọ kan ni wọ́n ń kà. Bó ti wù kó rí, chipper kì bá ti gba Chen níbẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ fi iron 8 tó wà nínú báàgì yín ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fà á mú nísàlẹ̀ rọ́bà, ẹ sún mọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ gbé gìgísẹ̀ irin, ibi tó so mọ́ ọ̀pá, sókè díẹ̀ kó jẹ́ pé imú rẹ̀ ló kan ilẹ̀, kí ẹ wá gbá a bí ẹní putt. Kádì mi ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi eléyìí tì í.” Èmi ni n kò fetí sí i. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ọ̀nà tí Paul Runyan ará Amẹ́ríkà fi jẹun nìyẹn, ọkùnrin kúkúrú tí kò lágbára gbígbá jìnnà. Nínú àṣekágbá PGA Championship 1938, Sam Snead ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá rẹ̀ fíìfíì, síbẹ̀ Runyan nà án 8 àti 7, ìyẹn ni pé ó fi ihò mẹ́jọ ṣíwájú, ihò méje ṣì kù tí ẹjọ́ ti parí. Bí iron 8 bá ṣe é fún yín, owó yín dúró lápò. Tèmi kò ṣe é délẹ̀, nítorí gígùn iron 8 máa ń gbá mi níkùn, ó sì máa ń dà bíi pé wedge ni mo ń gbá. Chipper jọ putter lójú mi, ọkàn mi balẹ̀ sí i. Ẹni tí yips ti mú máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkàn yìí kì í ṣe kékeré.

Ní ti báàgì, ọ̀pá 14 ni òfin gbà. Hybrid kan, ọ̀pá fún ìgbá jíjìn, tí n kì í lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìdíje ni mo yọ. Nígbà òjò mo máa ń dá a padà, kí n yọ chipper.

Àwọn tó ń pè é ní ọ̀pá arúgbó, ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó dùn mí pé ìtìjú yìí ń lé àwọn èèyàn kúrò nínú eré tí wọ́n fẹ́ràn. Mo mọ ẹnì kan tó fi gọ́ọ̀fù sílẹ̀ pátápátá nítorí ìgbá ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Bí ẹ bá lọ rà á, ẹ bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kúrò kí ẹ tó sanwó. Ẹ yí orí rẹ̀ wò, kí ẹ rí i pé ojú kan ló ní. Kí ẹ wá fi àtàǹpàkò yí rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ ká. Bí ẹ bá kan ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ dá a padà fún wọn.