Gbogbo iṣẹ́ ń dúró dè mí: ṣé kí n gba èèyàn sí i ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni ọ́fíìsì wa wà, nítòsí Sábó. Áàpù la ṣe fún àwọn ilé ìwé aládàáni: wọ́n fi ń gba owó ilé ìwé, wọ́n sì fi ń fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí òbí. Àwa 4 la bẹ̀rẹ̀, a ti di 13 báyìí: 7 ń kọ kóòdù, 3 ń ṣe dìsáìnì, 2 ń dá oníbàárà lóhùn, èmi ló ṣìkẹtàlá. Ohun tí a ń fi ọ̀sẹ̀ kan parí tẹ́lẹ̀ ti ń gbà wá lóṣù kan. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá oníbàárà ní Erékùṣù, iṣẹ́ á dúró títí n ó fi dé. Àwọn dìsáínà wa náà ń ráhùn pé gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ sí iṣẹ́ àwọn lórí WhatsApp. Mo fẹ́ gba èèyàn 5 sí i, kí n sì pín wa sí ẹgbẹ́ kéékèèké bíi ti Spotify, iléeṣẹ́ tó ń gbé orin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gba ẹnikẹ́ni. Láti 1975 ni Fred Brooks, tó ti darí iṣẹ́ kóòdù ńlá kan ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, ti sọ pé bí irú iṣẹ́ yìí bá ti pẹ́, èèyàn tí a bá kó kún un á tún mú un pẹ́ sí i ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ló máa pa á tì láti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀, láàárín èèyàn 4, méjì-méjì tó lè jọ sọ̀rọ̀ kò ju 6 lọ. Láàárín 13, ó di 78. Bí ẹ bá gba 5 yẹn, 153 nìyẹn.

Ti Spotify ńkọ́? Nígbà tí wọ́n kọ ìlànà wọn síta ní 2012, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ti lé ní 30, ní ìlú 3. Ẹ̀yin kò ju 13 lọ. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni.

Ọ̀dọ̀ yín gan-an ni iṣẹ́ ti ń há. Ẹ pín wọn sí méjì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ohun tí oníbàárà ń lò: ẹgbẹ́ owó àti ẹgbẹ́ èsì. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní akọkóòdù 3, dìsáínà 1, àti ẹni 1 tó ń gbọ́ ohùn oníbàárà. Akọkóòdù tó ṣẹ́kù á máa bójú tó ohun tí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ń lò. Dìsáínà tó dàgbà jù á máa rí i pé ojú áàpù náà bára mu. (Jeff Bezos, tó dá iléeṣẹ́ ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì Amazon sílẹ̀, ní kí ẹgbẹ́ má tóbi ju ẹni tí písà 2 á yó lọ. Kò mọ àwọn ọmọ Ìkòròdú ni.)

Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni kí ọ̀rọ̀ parí sí. Kí ẹ̀yin di mẹ́ta mú: iye owó tí ẹ ń gbà, ohunkóhun tó bá kan owó tàbí àṣírí òbí, àti gbígba òṣìṣẹ́. Èyí tó kù, ẹ yọwọ́. Á dùn yín fún ìgbà díẹ̀, ẹ fara dà á.

Ọ̀rọ̀ àwọn dìsáínà ló ká mi lára jù. WhatsApp kọ́ ni ibi tí a ti ń yẹ iṣẹ́ ọnà wò. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a kọ ọ́ sí ojú ìwé kan: ìṣòro ta ni, kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìgbà wo la máa gbà pé ó ti tó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde ní tútù, láì tíì parí, ìgbà méjì lọ́sẹ̀, níwájú èèyàn díẹ̀. Iléeṣẹ́ fíìmù Pixar ní Amẹ́ríkà ń ṣe irú rẹ̀: àwọn olùdarí á wo fíìmù ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò tíì parí, wọn á sọ òótọ́ fún un láìfi bò, àmọ́ kò sí dandan fún un láti gba ohun tí wọ́n sọ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí gbogbo ìmọ̀ràn bá di àṣẹ, iṣẹ́ ò ní parí láéláé.

Ẹ kó gbogbo ìpàdé sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lọ́sàn-án. Ẹni tó ti jí ní ìdájí wọkọ̀ láti Ìjẹ̀dé wá kò yẹ kó wá fi òwúrọ̀ rẹ̀ jókòó ní ìpàdé.

Ẹgbẹ́ èsì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láàárín sáà. Ẹ má fọwọ́ kan ẹgbẹ́ owó lásìkò tí ilé ìwé bá ń wọlé. Ìgbà yẹn ni àwọn òbí ń san owó.