Akọ Boerboel tó ní òkúta urate: ẹ má jẹ́ kó gun abo mọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ajá. Ẹ ní wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Boerboel yín, wọ́n yọ òkúta inú ìtọ̀ rẹ̀, àyẹ̀wò fi hàn pé urate (èyí tí uric acid inú ìtọ̀ ń dì) ni òkúta náà, ẹnìkan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, sì fẹ́ mú abo tirẹ̀ wá kó gùn ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Òkúta ni dókítà yọ, ohun tó ń fà á ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ajá náà.

Ẹ kọ́kọ́ ní kí dókítà ẹran yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, torí àìsàn ẹ̀dọ̀ náà máa ń fa urate. Bí ẹ̀dọ̀ bá dá ṣáṣá, ẹ fura sí àbùkù nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní SLC2A9, èyí tí ajá ń jogún. Wọ́n ti rí i lára Boerboel, Bulldog, títí kan Alsatian. Uric acid tó yẹ kí ẹ̀dọ̀ gbé wọlé kó sì sọ di allantoin tó ń yòrò sómi, ẹ̀dọ̀ ajá bẹ́ẹ̀ kò rí i gbé. Kíndìnrín kò sì gbà á padà. Inú ìtọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń dà sí.

Ohun tí a ń rà fún ajá lọ́jà gan-an ló ń bọ́ òkúta yìí: ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ṣáwá, sadíìnì. Ẹ dá wọn dúró pátápátá. Ìrẹsì, ẹyin sísè àti wàrà Fúlàní tí kò níyọ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un, kí dókítà sì bá yín fi fítámìn kún un. Ẹ bu omi sí oúnjẹ náà títí yóò fi ṣàn bí ògì. Ajá ọdẹ tí a tì mọ́ inú kéèjì láti àárọ̀ di alẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ á ki, òkúta á sì tún dì. Ẹ máa tú u síta lọ́sàn-án kó tọ̀. Bí dókítà bá wọn ìtọ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ wúwo kọjá 1.020 (omi lásán jẹ́ 1.000), kí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan sí) wà láàárín 7 sí 7.5.

Ẹ má lọ ra Allopurinol, oògùn tó ń dín uric acid kù, fúnra yín ní kẹ́mísì. Bí ajá bá ń lò ó tó sì tún ń jẹ ẹ̀dọ̀, òkúta mìíràn tí wọ́n ń pè ní xanthine ló máa dì. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé X-ray, urate kì í sábà hàn níbẹ̀; scan ni kẹ́ ẹ ṣe.

Bó bá ń gbẹ́sẹ̀ sókè tí nǹkan kan ò jáde, òkúta ti há sẹ́yìn eegun okó nìyẹn. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀, ẹ má fún un lágbo. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an; bí ilẹ̀ bá mọ́ bá a, ó lè kú.

Ọ̀rọ̀ gígun abo ló wá kù. Ajá tí àìsàn jíìnì yìí bá hàn lára rẹ̀ ti gba ẹ̀dà méjì jíìnì tó lábùkù náà, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Bó bá gun abo tó mọ́, tí kò ní ẹ̀dà kankan, gbogbo ọmọ á gbé ẹ̀dà kan láìṣàìsàn. Bí abo náà bá gbé ẹ̀dà kan, ó ṣeé ṣe kí ìdajì ọmọ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sì ní àìsàn náà. Ìtọ̀ abo kì í sábà dí, ìdí nìyẹn tí ojú lásán fi ń tan àwọn èèyàn. Ọmọ tí a bá sì tà nílùú yìí láìsí ìwé ń lọ sí Iléṣà, Ìbàdàn, wọ́n á sì tún bá ara wọn pàdé.

Gbogbo Dalmatian ògidì, ajá funfun alámì dúdú nì, ló ní ẹ̀dà méjì yìí tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló fà á tí Robert Schaible, onímọ̀ nípa àjogúnbá, fi mú Pointer kan, irú ajá mìíràn, wọ inú wọn lọ́dún 1973. Ti Boerboel kò le tóyẹn: èyí tó mọ́ wà, ẹ wá a. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n fi ń gba àyẹ̀wò náà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á wá fi ránṣẹ́ sókè òkun. Ọmọ ajá kékeré náà ṣeé ṣe é fún. Ẹ pe àwọn tó ti ra ọmọ akọ yín, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kí èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ náà tó bímọ.