Ọmọ mi fẹ́ Switch: èwo ni ká rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò jẹ́ n sinmi lórí ọ̀rọ̀ Switch, ẹ̀rọ gému ti iléeṣẹ́ Nintendo. Bàbá rẹ̀ ní Switch Lite tí owó ẹ̀ mọ níwọ̀n ni ká rà, pé gému ni gému ń jẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé á gbé e wọ yàrá, á bọ́ sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, a ò sì ní gbúròó ẹ̀ mọ́ nínú ilé. Manchester la wà. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má ra Lite. Kì í ṣe pé kò dáa o, àmọ́ kò ṣeé so mọ́ tẹlifíṣọ̀n rárá, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rù yín wà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ará Japan ti gbà ṣe gému láti ọjọ́ pípẹ́: ti pálọ̀ àti ti ọwọ́. Famicom tí Nintendo gbé jáde ní July 1983, pálọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Páàdì méjì ni wọ́n fi wáyà so mọ́ ọn lára, inú ẹ̀rọ ni wáyà yẹn ti jáde, kì í ṣe ohun téèyàn ń yọ. Ẹni tó bá rà á ti ra àyè ẹnì kejì mọ́ ọn nìyẹn. Páàdì kejì tilẹ̀ ní máíkì kékeré tí ọmọ lè pariwo sí.

Ti ọwọ́ yàtọ̀. Wọ́n ní Gunpei Yokoi, ẹnjiníà Nintendo, rí òṣìṣẹ́ kan nínú ọkọ̀ ojú irin tí nǹkan sú, tó wá ń fi kakulétọ̀ ṣeré. Ibẹ̀ ni Game & Watch ti wá ní 1980: eré ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹni tó jókòó tì í kò ní í mọ̀ sí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Game Boy dé ní 1989. Ojú ẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní iná, àfi kí ọmọ sún mọ́ gílóòbù. Iléeṣẹ́ Sega gbé Game Gear tiwọn jáde lọ́dún kejì, aláwọ̀ mèremère, tó ní iná lójú. Ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́fà ló ń jẹ, láàárín wákàtí mélòó kan ó ti kú. Mẹ́rin ni Game Boy ń lò, wọ́n sì ń pẹ́ gan-an. Game Boy ló gba ọjà. Ohun tí kì í tètè kú lọ́wọ́ ọmọ, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Ká má purọ́ mọ́ ọn o: nígbà tí gému Pokémon dé ní 1996, àfi kí ọmọ fi wáyà so Game Boy tiẹ̀ mọ́ ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kí ó tó rí gbogbo ẹranko inú ẹ̀ kó jọ.

Ti PlayStation, ẹ ò lè gbàgbé àwọn ilé gému l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń sanwó gbá Winning Eleven, gému bọ́ọ̀lù, lórí PS2, tí èrò ìwòran pọ̀ ju ẹni tó ń gbá a lọ.

Switch tó jáde ní March 2017 ló pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ẹ gbé e sínú dock, ìyẹn ìjókòó ẹ̀ tí wọ́n fi wáyà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ yọ Joy-Con méjèèjì, páàdì kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, lára ẹ̀, ọmọ méjì ti rí nǹkan dìmú. Lite ti 2019 kò ní dock, páàdì ẹ̀ kò sì ṣeé yọ. Switch 2 ti 2025 wọ́n jù fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lójú tèmi.

Nílé wa, ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni dock wà, Joy-Con kejì sì jẹ́ ti àbúrò. Áàpù òbí tí Nintendo ṣe wà lórí fóònù mi, òun ni mo fi ń dá àkókò sí i.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ tan gému kan níwájú olùtà, kí ẹ fọwọ́ sílẹ̀: bí ẹni inú ẹ̀ bá ń rìn fúnra ẹ̀, páàdì yẹn ti bà jẹ́. Kí ẹ sì gba dock àti ṣájà mọ́ ọn. Àwọn kan ń ta ẹ̀rọ yẹn nìkan, owó dock tí ẹ máa rà lọ́tọ̀ á sì jẹ gbogbo owó tí bàbá ẹ̀ fẹ́ ṣẹ́kù.