Wọ́n fín oògùn lẹ́ẹ̀mejì, ikán ò lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé bàbá ọkọ mi ni mò ń gbé, nítòsí Àkódò ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ọdún 1964 ni wọ́n kọ́ ọ: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, òrùlé páànù. Òkun ò jìnnà sí wa, igbó ló sì wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti pe àwọn tó ń fín oògùn láàárín ọdún kan, síbẹ̀ ikán ń jẹ férémù ilẹ̀kùn, nǹkan kan bí iyanrìn ń dà sílẹ̀ láti àjà, eku ò sì jẹ́ ká sùn. Ọmọ mi ní ká wó o. Oògùn wo ló lágbára jù tí mo lè rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdúró ti ilé, Màmá. Ká tó dórí oògùn, ẹ bá mi bu díẹ̀ nínú iyanrìn yẹn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì. Bó bá kúnná bí èlùbọ́, kòkòrò kékeré tó máa ń lu igi ló ṣe é. Bó bá le, tó rí hóró-hóró bí gààrí Ìjẹ̀bú, ìgbẹ́ ikán ni, àmọ́ kì í ṣe ikán tó ń jẹ férémù yín. Mo fura pé èyí ni tiyín, òun ló sì jẹ́ kí owó yín ṣòfò lẹ́ẹ̀mejì.

Oríṣi ikán méjì ló ń bá irú ilé yín jà. Ti ilẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀: inú ilẹ̀ ló ń gbé, amọ̀ ló sì fi ń ṣe ọ̀nà gun ògiri, torí pé ara rẹ̀ kò gba afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Èkejì kò bá ilẹ̀ ṣe rárá. Inú igi gbígbẹ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ń bímọ sí. Ọ̀rinrin tó wà nínú igi ti tó o mu. Etíkun bá a lára mu nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ. Kì í fi amọ̀ ṣe ọ̀nà. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó ń gba ihò kékeré jábọ́ nìkan lẹ ó rí. Ẹ̀ báà da odindi àgbá oògùn sí ìdí ilé, ikán àjà ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá.

Tòun, káfíńtà ni kí ẹ pè. Kó gun àjà, kó máa fi òòlù gbá igi kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, kó yọ ọ́, kí ẹ sì sun ún lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó ṣì lágbára, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fún oògùn sínú ihò rẹ̀, kí wọ́n sì dí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi igi tuntun rọ́pò, ìrókò tàbí apá ni. Bí owó ò bá tó, tó jẹ́ arère lẹ rà, kí wọ́n kùn ún ní Solignum, oògùn tí wọ́n fi ń dáàbò bo igi, lójú gbogbo, pàápàá ojú ibi tí wọ́n ti gé e, kó tó gòkè. Àwọn káfíńtà kan máa ń kàn án tán kí wọ́n tó kùn ún. Ibi tójú ń rí nìkan nìyẹn ń bò.

Ti férémù ńkọ́? Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun máa ń jẹ ìṣó páànù, ihò ìṣó á gbòòrò, òjò á gbabẹ̀ wọlé, ògiri amọ̀ á mu ún, ikán á tẹ̀lé e. Mo ti dé ilé kan tí wọ́n ti fín oògùn sí lẹ́ẹ̀mẹrin, tó jẹ́ pé ìṣó mẹ́ta tó dípẹtà ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìṣó tó ní rọ́bà lórí ni kí wọ́n fi pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí férémù. Nílé tó ti pẹ́ tó báyìí, ilẹ̀ àgbàlá sábà máa ń ga títí yóò fi bo ìsàlẹ̀ igi, ikán ò sì ní láti gùn mọ́. Ẹ wa ilẹ̀ náà kúrò títí igi yóò fi fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju ilẹ̀ lọ. Igi ìdáná tí wọ́n tò ti ògiri, ẹ kó o kúrò. Kí ẹ sì kan ara ògiri wò: sìmẹ́ńtì kì í dì mọ́ amọ̀ dáadáa, ibi tó bá ti ṣí, ikán lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè láìjẹ́ pé ẹnì kan rí i. Ẹ fọ́ ibi tó bá dún lófìfo, kí ẹ wo inú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni oògùn tó kàn. Fipronil tàbí imidacloprid ni mo fẹ́ràn, torí pé ikán kì í gbóòórùn wọn. Á gba àárín rẹ̀ kọjá, á sì kó o ran àwọn ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyanrìn nilẹ̀ yín, omi ò sì jìnnà nísàlẹ̀. Bí kànga bá wà láàárín mítà 15 sí ògiri, èmi kì í da oògùn sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì da ọ́ìlì dúdú látinú ẹ́ńjìnì síbẹ̀ fún yín. Inú kànga yín ló ń lọ.

Ó ku eku. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Òwe ò sọ bí ẹnu náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó: ibi tí pẹ́ńsùlù bá ti wọ̀, eku kékeré lè wọ̀ ọ́. Ẹ de tàkúté sí ìdí ògiri fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí ẹ fi àwọ̀n onírin àti sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò. Bí imọ̀ àgbọn bá kan páànù, ẹ gé e; afárá eku ni. Májèlé eku ò wù mí nínú ilé alájà, torí pé òkè ni yóò kú sí, ẹ̀yin ni yóò sì máa rùn sí. Ọ̀rọ̀ òtápíápíá, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, láti 2019 sì ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta á nínú ìgò kéékèèké lọ́jà mọ́, nítorí iye ènìyàn tó ń pa. Ẹ dé gààrí yín, torí ibà Lassa. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá imí eku ní gbígbẹ. Ẹ bomi jííkì rin ín, kí ẹ tó nù ún.

Bí ìjàlọ bá gba ilé kọjá nígbà òjò, ẹ kó àwọn ọmọ àti adìẹ jáde, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn. Aáyán, àkeekèé, ọmọ eku, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa kó lọ, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọmọ yín tó ní ká wó o, ẹ ní kó tẹ̀lé káfíńtà gun àjà. Bó bá rí i pé ìrókò ni bàbá bàbá rẹ̀ fi ṣe òpó àárín, kó lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní pákó lónìí, kó tó tún bá yín sọ̀rọ̀ wíwó.