Ṣé Mark 4 Ni Ìbọn Tí Bàbá Wa Gbé Lọ sí Bọ́mà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Amọ́rà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìbọn tún ṣe. Mo ní fọ́tò bàbá bàbá mi kan lọ́wọ́, wọ́n kọ 1944 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́jà, ìbọn wà léjìká wọn. Ogun Hítílà ló gbé wọn dé Bọ́mà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, wo fọ́tò náà, wọ́n ní Mark 4 ni, irú èyí tí àwọn náà gbé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, igi bo ìbọn yẹn dé ẹnu ni. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ? Mark 1 sí Mark 3 wá ń kọ́?
Ọmọ Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ojú rẹ mú ju ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lọ, ṣùgbọ́n má lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Èyí tí igi bò dé ẹnu, Mark 3 ni. Èyí tí ọlọ́pàá wa ń pè ní Mark 4, ẹnu irin rẹ̀ máa ń yọ síta díẹ̀ bí orí ahun.

Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, Lee-Enfield ni orúkọ ìdílé wọn. Ọdún 1888 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àgbà wọn. James Paris Lee, ọmọ Skọ́tílándì tó ṣí lọ sí Kánádà àti Amẹ́ríkà, ló ṣe ibi tí ọta ń gbà wọlé. William Metford, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ni poro lílọ́ méje tó wà nínú ihò rẹ̀. Poro yìí ló ń mú ọta pòòyì kó má baà yà lọ́nà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ń yin ṣakabùlà ní Èkìtì mọ̀ pé ẹ̀tù dúdú kì í lọ láìfi èérí sílẹ̀. Nítorí èérí yẹn ni Metford kò ṣe jẹ́ kí poro tirẹ̀ jìn. Ọgbọ́n gidi ni, àfi ìgbà tí ẹ̀tù mìíràn dé, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́dáìtì, tí kì í rú èéfín púpọ̀ ṣùgbọ́n tó gbóná janjan. Ó jẹ poro Metford run. Ní 1895, ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Enfield, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, fi poro márùn-ún tó jìn rọ́pò rẹ̀. Bí Lee-Enfield ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Ogun Búà ní Gúúsù Áfíríkà, 1899 sí 1902, ló wá tú àṣírí ìyókù. Àwọn Búà, òyìnbó tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà níbẹ̀, ń ti ọta márùn-ún bọ inú ìbọn Mauser wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ń ki tirẹ̀. Wọ́n padà délé, wọ́n gé irin ìbọn láti ínǹṣì 30 sí 25, kí ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin lè máa lo ẹyọ kan náà. Wọ́n sì ṣe ojú ibi tí ọta márùn-ún lè gbà wọlé pọ̀. Èyí tó pé jù nínú wọn ni Mark 3 ti 1907. Irin pẹlẹbẹ kan wà lórí mágásíìnì rẹ̀, àpótí tí ọta ń wà, tí wọ́n fi ń dínà, kí ṣọ́jà máa ki ọta lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má fi ọta ṣòfò. Nígbà tí ogun ń jó wọn lára ní 1916, wọ́n yọ ọ́ dànù. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò bá má tilẹ̀ fi í síbẹ̀ rárá.

Ọdún 1926 ni wọ́n da orúkọ rú mọ́ wa lójú. Wọ́n sọ Mark 3 di No. 1 Mark 3: No. dúró fún irú ìbọn, Mark dúró fún àtúnṣe rẹ̀. No. 2 jẹ́ ti ìdánrawò, ọta rẹ̀ kéré. No. 3 kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Lee. Nígbà tí tuntun dé, tí wọ́n ń rọ ọ́ yanturu láti 1941, No. 4 ló kàn. No. 4 Mark 1 ni wọ́n kọ sí i lára. Àwa ló gé e kúrú di Mark 4. Irin rẹ̀ nípọn sí i, ó sì rọrùn láti rọ ju Mark 3 lọ, débi pé wọ́n ń rọ ọ́ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà.

Irin tí a ń fà sẹ́yìn tí a ń tì síwájú nínú wọn ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó bá ti ìbọn rẹ̀ mu. Ní 1973, mo tú mélòó kan nínú àwọn ìbọn yìí láti nù wọ́n, mo kó irin wọn sínú páànù kan ṣoṣo. Sájẹ́ǹtì mi kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ yẹn títí mo fi dá ti oníkálukú padà.

Bí fọ́tò rẹ bá mọ́lẹ̀ dáadáa, wá ibi tí wọ́n ń gbà fojú sun ọ̀kánkán. Lórí Mark 3, àárín irin ló wà, jìnnà sí ojú. Lórí No. 4, wọ́n fà á sẹ́yìn dé ìtòsí ojú, ihò kékeré ni wọ́n sì dá sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kò purọ́ nípa ìbọn tí àwọn fúnra wọn gbé. Ti bàbá wọn ni wọ́n ṣì mọ̀.